Ẹ̀rọ Tó Ń Ká Ọpọlọ Bí Ẹní Ká Ọsàn

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, pé ọpọlọ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ló máa ń ká, bí ẹní ká ọsàn lórí igi. Wọ́n ní wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ká a, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, ìgò á wọ inú fìríìjì, láti inú fìríìjì ó di ọ̀dọ̀ àwọn olówó tí ọmọ wọn ń gba òdo bọ̀ láti ilé ìwé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, wọ́n ní kó lọ wo ọmọ adájọ́ kan tó gbẹ̀yìn kíláàsì lọ́dún tó kọjá, tó wá ń gba ipò kìn-ín-ní báyìí. Níbo ló ti rí ọgbọ́n? Wọ́n ní lórí ọmọ ọlọ́mọ ni.

Kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tó Bàbá Onípátákó. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó tún fi iyọ̀ sí i. Òun gan-an ló fi fìríìjì kún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, ìgò nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá rò ó pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́ nínú ìgò lásán, nígbà tó sì máa fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, fìríìjì ti wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe. Bí ẹ bá rí pátákó kan nígboro tí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹ̀ṣọ́, tí K rẹ̀ na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó fẹ́ jó, tirẹ̀ ni. Okùn owú tó fi ẹfun pa ló fi máa ń ta ìlà kó tó kọ ohunkóhun, okùn náà kì í sì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó fẹ́ràn okùn náà ju òun lọ, àti pé ohun tó fà á ni pé òun kò wọ inú àpò.

Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára iṣẹ́ rẹ̀: kì í fi àmì sí lẹ́tà. Kò sí ti òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀. Ó ní àmì dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lórí iṣẹ́ tó mọ́, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ ohun tí òun ní lọ́kàn. Àwọn èèyàn gbọ́ èdè lóòótọ́, àgbọ́yé ló ṣòro. Ó kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan pé A N TUN OKO SE NIBI. Ọkọ̀ ni mẹkáníìkì ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè bóyá ọkọ tí kì í tètè wálé ṣe é tún ṣe. Ó tún kọ E TO SIBI sára ògiri ọ́fíìsì omi, kí àwọn èèyàn lè tò. Àwọn kan tò. Àwọn kan rò pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ní kí àwọn wá ṣe, ọ́fíìsì omi sì gba omi tí kò béèrè.

Bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn, á bi wọ́n pé, "Ṣé lẹ́tà ò gún ni?" Lẹ́tà gún. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá kúrò ní ọ̀rọ̀ àwàdà lọ́jọ́ tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin bímọ nígbà tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Ọkọ ìyá ọmọ náà wà lójú agbami, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni, tẹlifóònù kò sì bá a. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ìyá ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní àjà kejì, kò tíì lè dìde. Ọmọ náà, obìnrin, kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ lè bò ó tán. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì tó ń mú un móoru, awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bíi bébà tí bàbá náà fi máa ń da lẹ́tà kọ, tí èèyàn lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà wá bá ìyá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ń fura pé gìrì ń mú ọmọ náà, irú gìrì tí kì í mi ọwọ́, tí kì í mi ẹsẹ̀, inú orí nìkan ló ti ń jà. Ojú lásán ò lè rí i. Bí ó bá ń mú un tí àwọn ò mọ̀, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí àwọn bá sì fún un ní oògùn gìrì láìsí gìrì, oògùn náà le jù fún irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, òun sì fẹ́ gbé e sí i lórí.

Ìyá ọmọ wo òrùlé. Òun náà kúkú gbọ́ ìtàn ìgò àti fìríìjì, inú ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

"Ohun tí bàbá mi bá ti sọ ni," ló wí.

Bí bàbá rẹ̀ ṣe dẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú nìyẹn, òun ẹni tó fi fìríìjì kún un.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí àpótí ọmọ wà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè. Pátákó kan wà lórí ilẹ̀kùn náà, funfun, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù, K rẹ̀ na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ jó: IYARA TI A TI N KA OPOLO OMO.

"Ìyá Àgbà, wò ó. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́. Ìyàrá tí a ti ń ká ọpọlọ ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ sórí ilẹ̀kùn gàgàrà."

"Ta ni 'wọ́n'?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni. Wọ́n fi bébà rán ọmọọṣẹ́ sí mi, mo kọ lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Ṣé mo máa ń ka iṣẹ́ oníṣẹ́ ni? Lẹ́tà ni tèmi." Ó rọra mi orí. "Wọ́n fi ọwọ́ mi kọ ìwé olè fún mi."

Nọ́ọ̀sì tó jáde wá pàdé wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Kíá ni Bàbá Onípátákó sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́rìn-ín nínú ọkàn rẹ̀, kì í sì í ṣe oríkì. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín níbi tí ọmọ ti ń jìyà, ó ní ohun tó ń jẹ níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Bàbá. Ṣé ẹ gbà ká gbé ẹ̀rọ náà sí i lórí?"

"Kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń ṣe?"

"Ó ń wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ojú ló fi ń wò ó, àbí wáyà?"

"Wáyà, Bàbá."

"Bí wáyà bá wò ó tán, kí ló ń mú lọ?"

"Kò mú nǹkan kan lọ."

"Bí olè ṣe máa ń dáhùn náà nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn tún dá kún un.

Bàbá Onípátákó ní òun á gbà, ṣùgbọ́n nǹkan méjì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Wọ́n ní láti wọn orí ọmọ náà, kí òun lè mọ ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí dín. Ó fa okùn rẹ̀ yọ, ẹfun gbọ̀n sílẹ̀ lára rẹ̀ bí èérú. Nọ́ọ̀sì sún sẹ́yìn.

"Okùn yẹn ò lè débẹ̀, Bàbá. Ẹfun ni, ọ̀dà ni, àti gbogbo ibi tí ẹ ti gbé e dé." Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó tú báńdéèjì tuntun tín-ín-rín kan, ó yí i ká orí ọmọ náà, ó gé e níbi tí etí báńdéèjì méjèèjì ti pàdé gẹ́lẹ́. Ó gbé e fún bàbá náà. "Ó ká a dáadáa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó ká a." Ó ká báńdéèjì náà, ó tì í sínú ike kékeré tó wà lápò rẹ̀. "Ọjọ́ tí orí ọmọ yìí bá kéré sí èyí, ọlọ́pàá ló máa bá wa parí ẹ̀."

Ohun kejì ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ wáyà náà mọ́ òun fúnra òun lórí. Dókítà ní kò burú. Wọ́n fi òróró tútù kan pa iwájú orí rẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mélòó kan mọ́ ọn, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí sáré lójú ẹ̀rọ. Bó bá ṣẹ́jú, ìlà á fò. Bó bá di eyín pọ̀, ìlà á hu irun.

"Ẹ dẹ ẹnu yín, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ń bá wa sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ọpọlọ."

Nígbà tí wọ́n tú u tán, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n wò yín. Nínú ìjà wa ti ìjẹta, ta ló jẹ̀bi?"

"Ìwọ ni."

Ìyá Àgbà yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Wọn ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Àbí kó jẹ́ pé wọn ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ mú ni."

Wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sí ọmọ lórí. Wáyà tí kò nípọn ju irun ẹṣin lọ, fìlà òwú kékeré kan lórí wọn kí wọ́n má baà ṣí. Bàbá Onípátákó fa àga oníke kan, ó jókòó tì í, ó ní òun kò lọ ibì kankan.

Kò sì sí ohun tí kò fura sí. Nọ́ọ̀sì kan kọjá pẹ̀lú fúláàsì, ó ní kó ṣí i; tíì ni. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ gbé gáárawa wọlé, ó yọjú wo inú rẹ̀, omi ni. Ìgbà tó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí i ní igun yàrá, ó funfun, ó ń kùn jẹ́jẹ́: fìríìjì.

Ẹ̀rù bà á gidi. Ohun tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tó wá bá a jókòó nínú yàrá, ó yẹ kó bani lẹ́rù. Ó dúró títí nọ́ọ̀sì fi kẹ̀yìn, ó yọ́ lọ ṣí i. Ìgò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní ìlà, ohun funfun sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ìyá Àgbà," ló pè é láìyí ojú kúrò nínú fìríìjì. "Wá wo ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyá Àgbà wá, ó wò ó. "Wàrà ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èyí tó wà lápá òsì yẹn, èmi ni mo di ife mú láàárọ̀ nígbà tí ọmọ yín ń fún un. Ṣé ọmú òun náà ti di ọpọlọ ni? Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má ba oúnjẹ ọmọ jẹ́."

Ó tì í. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó dojú kọ ìlà. Ìlà náà kì í dúró sójú kan. Á fò sókè wìrìwìrì, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kún nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbàkígbà tó bá ti tẹ́jú, bàbá náà á dìde.

"Wọ́n ti mú u tán."

"Wọn ò mú u," ni Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó ti sọ ọ́ tó ìgbà tí kò níye. "Ọpọlọ ọmọ tó kéré báyìí kì í sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ bíi tiwa. Á sọ díẹ̀, á sinmi, á tún sọ. Bó bá ṣe ń dàgbà, ìsinmi náà á máa kúrú. Ẹ dúró, ẹ wò ó." Ìlà náà á sì tún fò. Bàbá á jókòó. Kò gbà á gbọ́. Ó kàn jókòó ni.

Lápótí kejì, obìnrin kan tí òun náà bímọ láìpé oṣù ń wo gbogbo èyí. Ó ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí ọmọ òun. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá ti dìde, òun náà á dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìlà yí padà. Kò fò wìrìwìrì, kò sì tẹ́jú. Ó ń yọ ṣóńṣó ṣóńṣó, ọ̀kan bí èkejì, bí eyín ayùn, kò sì sinmi. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí dún. Bàbá Onípátákó wo ọmọ: ọmọ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, kò mi ìka kan. Ọmọ dákẹ́, ẹ̀rọ ń sáré. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe olè tó ń kẹ́rù? Ó dìde, ó na ọwọ́ sí ibi tí wáyà ńlá ti wọ ara ògiri, ó dì í mú.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀." Nọ́ọ̀sì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i."

"Gìrì ni. Gìrì tí dókítà sọ nìyẹn, òun ló ń jà nínú orí rẹ̀ báyìí. Mo ti ránṣẹ́ pe dókítà. Bí ẹ bá fa ìyẹn yọ, a ò ní lè ka ọpọlọ rẹ̀ mọ́, a ò ní mọ̀ bóyá oògùn ń ràn án tàbí kò ràn án."

"Ẹ ò ní lè kí ni?"

"Ka ọpọlọ rẹ̀."

"Ká, àbí ka?"

"Ka, Bàbá. Bí ẹ ṣe ń ka ìwé. Ṣé èso ló so lórí ọmọ yín ni, tí a ó fi ká a?"

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára wáyà náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti lọ sórí bébà tí wọ́n fi rán ọmọọṣẹ́ sí i. Ó rí i bí ẹni pé ó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀: àmì lókè lẹ́tà yìí, àmì nísàlẹ̀ tọ̀hún, gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin wọ̀nyẹn. Lórí KA ni kò ti sí nǹkan kan, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Òun ló wá bọ́ gbogbo wọn sí ìhòòhò. Níbi tí gbogbo èèyàn bá ti wà ní ìhòòhò, ta ló máa mọ ẹni tí kò láṣọ láti ilé?

Ó fi wáyà sílẹ̀.

Dókítà dé, wọ́n rọ oògùn sínú ọ̀pá tín-ín-rín tó wọ apá ọmọ náà. Gbogbo wọn ń wo ìlà. Eyín ayùn bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà sí ara wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìlà fi tẹ́jú. Bàbá Onípátákó kò dìde. Ó di apá àga mú. Ó pẹ́ kí ìlà tó tún fò, wìrìwìrì, bí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.

"Ó sinmi ni," ló wí, bí ẹni pé òun ló kọ́ nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o, Ìyá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí níbi tí mo kó ìgò sí. Ọmọ ilé ìwé kan tilẹ̀ wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí a ń kà han òun. Pátákó ilẹ̀kùn yẹn ló fà á. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sórí bébà, tàmì-tàmì. Ẹni tó kọ pátákó ló jẹ àmì náà mọ́ oúnjẹ."

Ìyá Àgbà wú ikọ́.

"Ṣé ẹ mọ ẹni náà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Lẹ́tà rẹ̀ kúkú máa ń gún."

Bàbá Onípátákó ń wo òrùlé bí ẹni tí wọ́n ní kó kùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, àkàsọ̀ kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, bàbá àgbà kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà búlúù àti búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù nínú gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró nísàlẹ̀, ó wò ó, ó wo K, ó tún wò ó.

"Àṣé ẹ̀yin ni."

"Ṣé lẹ́tà ò gún ni?" ló wí, ṣùgbọ́n kò bojú wo ìsàlẹ̀.

ÌYÀRÁ TÍ A TI Ń KA ỌPỌLỌ ỌMỌ. Ìyá Àgbà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ẹ ò fi nǹkan kan sórí KA."

"Kò ní nǹkan kan lórí. Bí àwọn tó ní aṣọ ṣe wọ tiwọn yìí, gbogbo ayé á mọ̀ pé ìhòòhò tirẹ̀ kì í ṣe ìyà."

Pátákó yá tún ṣe, ẹnu èèyàn kì í yá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìgò ṣì ń rìn kiri ibùdókọ̀. Ìyá ọmọ ti ń rìn, ó ti ń jókòó ti ọmọ rẹ̀. Gìrì kò padà. Ìsinmi tó wà láàárín ìlà ti kúrú sí i. Síbẹ̀, obìnrin tó wà ní àpótí kejì kò tíì gbà, dókítà sì ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ Bàbá Onípátákó, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ wọn láti ọjọ́ yìí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọn kì í mú nǹkan kan níbẹ̀?"

Bàbá náà mọ iye ìgbà tí ẹnu òun ti fi fìríìjì kún ọ̀rọ̀. Ó fa ike kékeré yọ lápò, ó gbé e fún Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó fi oògùn nu báńdéèjì náà, ó ṣí àpótí ọmọ-ọmọ Bàbá Onípátákó, ó yí i mọ́ orí ọmọ náà níbi tó ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó fúnra rẹ̀.

Etí báńdéèjì méjèèjì kò pàdé mọ́. Orí ọmọ náà ti tóbi sí i, báńdéèjì náà kò sì ká a.